Níbo ni kí ọlọ́fà ba sí de elk? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọdẹ wa ní Colorado

Oṣù kẹsàn-án ni oṣù ọlọ́fà ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà títí dé ìparí rẹ̀, ọdẹ tó gbé ọrun dání láǹfààní láti wọ igbó lọ bá elk, ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, kí àwọn oníbọn ńlá tó dé ní oṣù kẹwàá. Ìgbà yìí náà ni akọ elk ń wá abo kiri, tí igbe wọn ń ti orí òkè kan dé èkejì. Àwọn ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Denver, Aurora àti àyíká ibẹ̀ ti ń bi mí léèrè nípa ọdẹ yìí. Wọ́n ti ra ọrun, wọ́n ti ra aṣọ, ọfà wọn sì ń bá ibi tí wọ́n fojú sùn ní pápá ìdánrawò. Ibi tó ń dojú rú fún wọn ni ìgbà tí ẹran bá ń bọ̀: ibo ni kí ènìyàn jókòó sí, kí ló yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀? Ìyẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí.

Kí ló dé tí ibi tí mo jókòó sí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí kí n ṣáà mọ ọfà ta ni?

Oníbọn lè dùbúlẹ̀ sórí òkè kan kó yìnbọn pa ẹran tó wà lórí òkè kejì, kí ẹran náà má mọ̀ pé ènìyàn wà nítòsí rárá. Ọlọ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹran sún mọ́ òun tó yáàdì 40, tàbí kó tiẹ̀ sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé apá, tí yóò fa ọrun, níṣojú ẹranko tó ń ṣọ́ra tọ̀sán-tòru. Akọ elk tó ti dàgbà wọ̀n tó 700 pọ́n-ùn, bí 320 kílò. Èjìká rẹ̀ nìkan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, orí rẹ̀ sì tún wà lókè èyí. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká láìyí ọrùn, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, "Ṣé yóò rí mi?" nìkan kọ́ ni ọlọ́fà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé màá lè fa ọrun níbí láìjẹ́ pé ó rí mi?" Ibùba tó bá dáhùn ti àkọ́kọ́ láìdáhùn ìkejì, ibùba awòran ni, kì í ṣe ti ọdẹ.

Ṣé ẹ̀yìn igi ni kí n ba sí, tàbí iwájú rẹ̀?

Iwájú rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó ṣòroó gbà, nítorí láti ìgbà tí a ti ń ṣe eré bojúbojú ni a ti mọ̀ pé ẹ̀yìn nǹkan là ń sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọdẹ tó wà lẹ́yìn igi spruce. Kó tó ríran, ó gbọ́dọ̀ yọ orí. Kó tó ta ọfà, ó gbọ́dọ̀ yọ orí, èjìká, apá àti ọrun lódidi. Ohun tó ń rọra yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ni elk ti ń ṣọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, nítorí báyìí náà ni ìkookò àti kìnnìún orí òkè ṣe ń yọ sí i. Bí ẹran náà bá sì gba ọ̀tún nígbà tí ọdẹ rò pé òsì ni yóò gbà, igi tó fi ṣe ààbò ti di ògiri fún un.

Ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú igi kan náà, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà lẹ́yìn àti lókè orí rẹ̀, kò sí ohun tó dí i lójú tàbí lápá. Òkùnkùn tó wà lára igi náà ń gba ara rẹ̀ mọ́ra. Kò sí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò ya orí àti èjìká rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí kò bá mira, elk lè kọjú sí i tààrà kó má mọ ohun tí òun ń wò.

Bí ìtì igi tàbí igbó kékeré tó ga dé ìbàdí ẹni tó kúnlẹ̀ bá tún wà níwájú yín, ó dára púpọ̀: yóò bo orúnkún àti ìdí ọrun. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ga dé ibi tí ọfà yóò gbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣaláìní; ohun tó wà níwájú, bí ẹ bá rí i, ẹ dúpẹ́.

Mo ra aṣọ aláwọ̀ igbó olówó gọbọi. Ṣé kò tó?

Kò tó. Kò sí aṣọ kan tó jẹ́ àfẹ́ẹ̀rí. Elk kò lè ya pupa àti àwọ̀ ọsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń rí búlúù kedere, ó sì ń tètè rí ohun tó bá mira. Sòkòtò jíìnsì búlúù burú fún ọdẹ ju ṣẹ́ẹ̀tì onílà pupa lọ. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà tó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú igi tó nípọn yóò rí ẹran ju ẹni tó wọ aṣọ olówó ńlá tó dúró sí gbangba, tó ń yí orí kiri. Lójú tèmi, bí owó kò bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ra bàtà gidi àti awò awọ̀nàjíjìn kí ẹ tó ro ti aṣọ.

Àwọ̀ ara mi dúdú. Ṣé mo ṣì ní láti bo ojú?

Ẹ bò ó. Dídán ara ló ń tú ọdẹ fó, yálà ara náà dúdú tàbí ó funfun. Òógùn àti ìpara a máa jẹ́ kí iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàn bí oòrùn bá kàn wọ́n, ọwọ́ sì ni ẹ̀yà ara tó ń rìn jù lọ nígbà tí a bá ń fa ọrun. Àwọ̀n ojú fẹ́lẹ́ àti ìbọ̀wọ́ tó fẹ́lẹ́ ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n dánra wò o, nítorí àwọ̀n ojú lè yí ibi tí ẹ máa ń fi okùn ọrun kàn lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà. Ìpara olóòórùn dídùn, ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó yan igi?

Afẹ́fẹ́ ni, ṣáájú ohun gbogbo. Ènìyàn lè tan ojú elk jẹ, ó sì lè tan etí rẹ̀ jẹ pẹ̀lú fèrè tó ń dún bí igbe elk. Imú rẹ̀ ni kò ṣeé tàn jẹ. Bí ó bá gbóòórùn ènìyàn, kò ní dúró yẹ̀ ẹ́ wò, yóò lọ ni, yóò sì kó gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ orí òkè ní ìṣe tirẹ̀, oòrùn ló sì ń darí rẹ̀. Ní òru àti ìdájí, otútù máa ń mú afẹ́fẹ́ wúwo, a sì máa ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè sínú àfonífojì, ojú ọ̀nà omi ló sì máa ń gbà. Bí oòrùn bá ti yọ tó ti mú ara òkè móoru, tí í sábà máa ń jẹ́ láàárín aago 8 sí 10 àárọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ náà yóò yí padà, yóò máa gòkè. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ibòòji bá ti bo ara òkè, yóò tún máa sọ̀ kalẹ̀. Ara òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló ń kọ́kọ́ yí padà ní àárọ̀, nítorí òun ni oòrùn ń kọ́kọ́ kàn. Èyí tó kọjú sí àríwá máa ń pẹ́.

Ẹ wá fi èyí wé ìrìn elk. Ní òru wọ́n ń jẹ koríko ní pápá nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n ń gòkè lọ síbi tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, tó sábà máa ń jẹ́ igbó spruce àti fir tó ṣókùnkùn lára òkè tó kọjú sí àríwá, nítorí ibẹ̀ tutù. Ọdẹ tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ ní ìdájí, afẹ́fẹ́ wà lójú rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí aago 9 bá kọjá tó ṣì wà nísàlẹ̀ wọn, òórùn ara rẹ̀ yóò gòkè lọ bá wọn. Kí ìyípadà yẹn tó dé, ó yẹ kó ti yà sí ẹ̀gbẹ́, kó gòkè dé ibi tí òun àti àwọn ẹran wà ní gíga kan náà. Ní àkókò ìyípadà gan-an, tí afẹ́fẹ́ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ ní ọ̀nà jíjìn títí yóò fi dúró sójú kan.

Ẹ gba ìgò kékeré oníyẹ̀fun tí àwọn ọdẹ ń lò, ẹ máa fún un díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo, kí ẹ sì wo ibi tí ìyẹ̀fun náà ń lọ títí yóò fi pòórá. Yíyí tó bá yí lẹ́yìn yáàdì 10 ṣe pàtàkì ju bó ṣe kúrò lẹ́nu ìgò lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìdí igi kan gbé òórùn yín lọ sọ́dọ̀ ẹran, ẹ fi igi náà sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ wá èyí tí kò dára tó o.

Oòrùn ńkọ́? Ṣé kó wà lẹ́yìn mi?

Kó wà lẹ́yìn yín, kí ẹ̀yin sì wà nínú ibòòji. Elk tó ń wò láti inú ìmọ́lẹ̀ sínú òkùnkùn igi kò ní rí púpọ̀. Ẹ rántí pé ibòòji ń rìn. Igi tó bò yín ní aago 7 lè ti fi yín sílẹ̀ nínú oòrùn ní aago 8, nítorí náà bí ẹ bá máa pẹ́ níbẹ̀, ẹ ro ibi tí oòrùn ń lọ kí ẹ tó kúnlẹ̀.

Irú igi wo ló dára jù lọ nínú àwọn òkè Rocky?

Spruce àti fir ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀ka wọn bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ewé wọn ṣókùnkùn, ènìyàn sì lè fẹ̀yìn wọnú wọn díẹ̀. Èyí tó tóbi dáadáa, tó fẹ̀ ju èjìká yín méjèèjì lọ, ló dára.

Igbó aspen lẹ́wà, elk sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le fún ọdẹ. Ara igi náà funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ wà lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ tó ṣókùnkùn yóò hàn láàárín wọn láti ọ̀nà jíjìn. Nínú aspen, ẹ wá ibi tí spruce kékeré ti hù láàárín wọn, tàbí ibi tí àwọn ọmọ aspen ti hù pọ̀ mọ́ra.

Lodgepole pine kò ní ẹ̀ka nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó rẹ̀ kún fún ìtì igi. Kòkòrò tó ń jẹ pine bẹ̀rẹ̀ sí í pa lodgepole púpọ̀púpọ̀ ní àríwá Colorado ní nǹkan bí 1996, ọ̀pọ̀ lára àwọn igi náà sì ti wó báyìí. Gbòǹgbò igi ńlá tí ìjì wó, tó gbé erùpẹ̀ dìde pẹ̀lú ara rẹ̀, jẹ́ ibùba tó dára gan-an: ó ga, ó fẹ̀, ó sì ṣókùnkùn. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa gbójú sókè kí ẹ tó jókòó. Igi tó ti kú tó ṣì ń dúró lè wó lu ènìyàn nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá le, kò sì sí ẹran tó tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, oak kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Gambel oak máa ń hù pọ̀ débi pé ọfà kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Etí rẹ̀ ni kí ẹ wà, ẹ má wọnú rẹ̀. Níbi tí sagebrush, ewéko kúkúrú ilẹ̀ gbígbẹ, bá ti gba ilẹ̀, igi kò sí rárá, ìtẹ̀kọ́rọ́ ilẹ̀ ni ẹ ó fi ṣe ìbòrí: ẹ kúnlẹ̀ síwájú èyí tó ga jù nínú sagebrush, ní ibi tí òkè kékeré kan wà lẹ́yìn yín, kí orí yín má bàa yọ sójú ọ̀run.

Mo rí igi tó dára. Kí ni kí n ṣe kí ẹran tó dé?

Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ máa gbà, ẹ má fò ó. Ẹ gbá ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ kúrò níbi tí orúnkún àti ẹsẹ̀ yín yóò wà, nítorí ẹ lè ní láti yí padà. Ẹ fi ọfà sórí ọrun. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn wọn igi méjì mẹ́ta níwájú yín, kí ẹ sì rántí wọn: spruce yẹn jẹ́ yáàdì 25, ìtì igi yẹn jẹ́ yáàdì 38. Bí ẹran bá ti dé, àyè wíwọ̀n kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fa ọrun tán pátápátá, ẹ yí i láti òsì sí ọ̀tún. Bí apá ọrun bá kan ẹ̀ka lókè tàbí kan ilẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ sún kúrò.

Ẹ tún wo ojú ọ̀nà ọfà. Ọfà kì í lọ gbọrọgbọrọ, ó ń gòkè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹran bá wà ní yáàdì 40, ní ìdajì ọ̀nà ọfà náà yóò wà lókè ibi tí ojú yín ń gbà wo ẹran. Nítorí náà ẹ̀ka tí kò dí yín lójú lè dí ọfà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka tó dà bíi pé ó dí yín lójú lè má kan ọfà. Igi wẹ́wẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ìka lè gbé ọfà ya kúrò lọ́nà pátápátá, ẹran tó bá sì fara gbọgbẹ́ ní ibi tí kò tọ́ yóò jìyà lásán.

Ìgbà wo ni kí n fa ọrun?

Nígbà tí ojú ẹran bá wà lẹ́yìn nǹkan. Ìdí nìyẹn tí igi tó wà láàárín yín àti ọ̀nà ẹran fi wúlò: bí orí rẹ̀ bá ti wọ ẹ̀yìn igi ńlá, ẹ fà á kó tó jáde lódìkejì. Bí igi kò bá sí, ẹ dúró dìgbà tó bá yí ojú kúrò tàbí tó bá tẹrí ba jẹun. Bí ó bá ń wò yín, ẹ má mira, kódà bí apá bá ti ń ro yín.

Ọrun compound, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké létí apá rẹ̀, ń ran ènìyàn lọ́wọ́ níbí. Èyí tí fífà rẹ̀ jẹ́ 60 pọ́n-ùn, tó sì ń dín ìwúwo kù ní ìdá 80 nínú 100, pọ́n-ùn 12 péré ni ẹ ó máa dì mú bí ẹ bá ti fà á tán. Ẹ lè fi ìyẹn dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ fà á ní kùtùkùtù dípò kí ẹ fà á pẹ́. Bí akọ náà bá ń rìn kọjá, ẹ fi ẹnu yín ké bí abo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sábà dúró láti wò. Kí ọrun ti wà ní fífà kí ẹ tó ké o.

Èmi àti ẹnìkejì mi la jọ ń lọ. Báwo la ṣe máa pín ara wa?

Ọ̀nà yìí ló dára jù, òun ló sì máa ń dàrú jù. Ẹnì kan yóò máa fọn fèrè, ẹnì kan yóò gbé ọrun. Akọ elk tó gbọ́ igbe abo kò ní wá títí dé ẹsẹ̀ ẹni tó ń ké. Yóò wá dé ibi tó ti yẹ kó rí abo náà, yóò dúró, yóò máa wò. Bí kò bá rí ohunkóhun, yóò yí padà. Bí olùfèrè àti ọlọ́fà bá jọ wà ní ojú kan, yáàdì 70 tàbí 80 ni akọ náà máa dúró sí, kò sì ní sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà olùfèrè máa ń wà lẹ́yìn ọlọ́fà ní nǹkan bí yáàdì 40 sí 80, kí ibi tí akọ náà bá dúró sí lè jẹ́ iwájú ọlọ́fà.

Ìrísí ilẹ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ yìí fún yín. Ẹ yan ibi tí akọ náà kò ti ní lè rí ibi tí igbe ti ń wá àfi tó bá ti wọ ibi tí ọfà yín lè dé: òkè kékeré tó gbọ́dọ̀ gùn kó tó ríran, kọ́nà ojú ọ̀nà ẹran, etí igbó tó nípọn. Mo fẹ́ igbó tí ojú kò ti lè rí ju yáàdì 40 lọ, ju pápá gbalasa tí a ti ń rí i láti òkèèrè tí òun náà sì ń rí gbogbo ibẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tún padà wọlé níbí. Akọ tó gbọ́n kì í wá tààrà, ó ń yí gba ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kó lè gbóòórùn abo náà kó tó yọjú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti òsì lọ sí ọ̀tún, apá ọ̀tún olùfèrè ni akọ náà yóò gbìyànjú láti gbà. Ọlọ́fà yóò sún síwájú àti sí apá ọ̀tún yẹn, ṣùgbọ́n kó má jìnnà jù, kí akọ náà lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó tó dé ibi tí òórùn ọdẹ ń lọ.

Ẹ̀yìn igi tí mo ní kí ọlọ́fà sá fún, olùfèrè ló ni ín. Òun kò ní ta ohunkóhun. Kó wọnú igbó, kó máa ké, kó máa fi igi gbígbẹ họ ara igi bí akọ ṣe ń fi ìwo họ ọ́, kó máa fẹsẹ̀ ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́. Ariwo tó jọ ti elk kò burú.

Èmi nìkan ni mo ń lọ. Ṣé fèrè kò ní tú mi fó?

Yóò tú yín fó bí ẹ bá dúró sójú kan náà. Ẹ ké, lẹ́yìn náà ẹ rọra sún síwájú ní nǹkan bí yáàdì 20 sí 40 lọ síbi igi tí ẹ ti yàn sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá tún ní láti ké, ẹ yí ẹnu sẹ́yìn kí ohùn náà lè dà bíi pé ó jìnnà. Fèrè tí a ń fi sínú ẹnu ló dára fún ẹni tó dá lọ, nítorí ọwọ́ méjèèjì yóò wà lórí ọrun.

Bí ó bá wá kọjú sí mi tààrà ńkọ́?

Àwọn ọdẹ ń bá ara wọn jiyàn gidigidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti ta á. Egungun àyà àti èjìká pọ̀ níwájú, àyè tó ṣí sílẹ̀ kéré. Ẹ dúró dìgbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín, tàbí tó bá yí ìdí sí yín díẹ̀, kí ọfà lè wọ ẹ̀yìn èjìká lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ibi tí ẹ jókòó sí ló ń pinnu èyí kó tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá wà ní ojú ìlà tó ti ọ̀dọ̀ akọ lọ sọ́dọ̀ olùfèrè, iwájú rẹ̀ ni yóò máa kọ sí yín. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ní yáàdì 15 tàbí 20, yóò fi ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ṣé mo lè gé ẹ̀ka igi kọ́ ibùba?

Nínú igbó ìjọba àpapọ̀ bíi White River àti San Juan, wọn kò gbà kí ènìyàn máa gé igi tútù láìgba àṣẹ. Ẹ lo igi gbígbẹ tó wà nílẹ̀, ìyẹn ti tó.

Nílé, àwọn bàbá wa máa ń gẹ̀gùn sórí igi. Ṣé ó ṣeé ṣe níbí?

Ó ṣeé ṣe. Ìlànà kan náà ni: elk kì í sábà gbójú sókè, òórùn ènìyàn sì máa ń gba òkè orí rẹ̀ kọjá nígbà mìíràn. Ibi tó wúlò sí ni ẹ̀gbẹ́ kòtò ẹrẹ̀ tí akọ ń yíra nínú rẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ omi ní ilẹ̀ gbígbẹ bíi ti Arizona àti New Mexico. Àléébù rẹ̀ ni pé ègùn kò lè tẹ̀ lé ẹran, elk sì lè kúrò ní àfonífojì kan lálẹ́ kan kó má padà wá fún ọ̀sẹ̀. Lórí igi pẹ̀lú, kí igi tàbí ẹ̀ka wà lẹ́yìn yín. Ẹ di ara yín mọ́ igi pẹ̀lú okùn ààbò láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀.

Àṣà ilé kan tí kò ṣeé gbé wá ni fífi tọ́ọ̀ṣì ṣọdẹ lóru. Òfin Colorado kò gbà á. Láti ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni ọlọ́fà lè ta ọfà.

Ṣé kò séwu nínú kí n fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n sì máa ké bí ẹranko?

Ewu wà. Àwọn ọdẹ oníbọn ẹ̀tù, ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ń jáde láàárín oṣù kẹsàn-án náà. Òfin ní kí wọ́n wọ àwọ̀ ọsàn tàbí pínǹkì tó ń tàn, ṣùgbọ́n kò di dandan fún ọlọ́fà ní àsìkò tirẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń rìn àti nígbà tí ẹ bá ń ru ẹran jáde, ní pàtàkì tí ìwo bá wà lórí ẹrù yín. Bí ẹ bá rí ọdẹ mìíràn tó ń bọ̀, ẹ fi ohùn ènìyàn bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má juwọ́, ẹ má sì fọn fèrè.

Igi ńlá tó wà lẹ́yìn yín tún ń dáàbò bo ẹ̀yìn yín. Béárì dúdú àti kìnnìún orí òkè wà ní Colorado, ohùn abo elk sì lè fà wọ́n wá. Ní Wyoming, Montana àti Idaho, béárì grizzly wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má lọ síbẹ̀ láìní agolo ata tí a ń fún sí béárì lójú ní ìbàdí, níbi tí ọwọ́ lè tètè dé.

Ìwé wo ni mo nílò?

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1949 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé òun ti gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó lè ra ìwé àṣẹ. Fún ọrun, òfin ń béèrè pé kí fífà rẹ̀ má dín ní 35 pọ́n-ùn, kí abẹ orí ọfà sì fẹ̀ tó ìdá méje nínú mẹ́jọ ínṣì, ó kéré tán. Fún elk, èmi yóò fẹ́ kí ọrun le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí apá bá gbà á. Láti 2025, àwọn tó ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò lè kàn ra ìwé àṣẹ elk ọlọ́fà ní ìsọ̀ mọ́ ní apá ìwọ̀-oòrùn Colorado, lọ́tìrì ni wọ́n ń bá wọn ṣe, oṣù kẹrin ni wọ́n sì máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ pa. Àjọ Colorado Parks and Wildlife ló ń bójú tó o.

Kí ni mo lè máa fi dánra wò nílé kí oṣù kẹsàn-án tó dé?

Ẹ dẹ́kun títa ọfà ní ìdúró nìkan. Ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ẹ kúnlẹ̀ lórí ọ̀kan, ẹ jókòó sórí ìdí. Ẹ wọ aṣọ, àwọ̀n ojú àti ìbọ̀wọ́ tí ẹ ó wọ̀ lọ sí igbó gan-an. Ẹ fẹ̀yìn ti ọgbà tàbí igi, kí ẹ sì fa ọrun díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó ní iwájú ilé kò ní mọ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fà á, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó tú ọfà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ibi ìgbafẹ́ tó ní igi, láìmú ọrun dání, kí ẹ máa yan: bí elk bá ti ibí yìí bọ̀ báyìí, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ báyìí, iwájú igi wo ni màá kúnlẹ̀ sí? Ẹ máa ṣe é títí tí ẹ ó fi lè yan igi náà láìdúró rò ó, nítorí bí akọ bá dáhùn láti yáàdì 150, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ló kù yín.